Lẹ́tà sí Harry Hawker, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ òfurufú Camel gòkè

Ẹ̀gbọ́n Harry,

Ọdún 32 péré lẹ lò láyé, mo sì ti jù yín lọ lọ́jọ́ orí báyìí, àmọ́ ẹni tí wọ́n bí ní 1889, ẹnu mi ò gbà á láti pè é ní "ìwọ".

Mo mú ọmọ mi lọ sí mùsíọ́mù àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Hendon, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dúró síwájú Sopwith Camel, ọkọ̀ òfurufú ìjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó na ọrùn wo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó ní, "Dádì, ibo ni tíṣà ẹ̀ ń jókòó sí?" Mi ò rí èsì fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Mo mọ ohun tó bí ọkọ̀ náà. Pup, ọkọ̀ ìjà tí ilé-iṣẹ́ yín, Sopwith, ń ṣe tẹ́lẹ̀, kì í yọ awakọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìbọn kan ṣoṣo ló gbé, ọkọ̀ Albatros àwọn ará Jámánì sì gbé méjì dé ní 1916. Ni Herbert Smith, ayàwòrán ọkọ̀ yín, bá ya òmíràn: apá méjì, ọ̀kan lókè èkejì, ìbọn Vickers méjì tó ń yìn láàárín abẹ̀bẹ̀ iwájú bó ṣe ń yí, tí ọta kì í sì í bà á. Irin tí wọ́n fi bo ìdí ìbọn yọ gọnbu bí iké ràkúnmí, orúkọ sì dé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e gòkè ní Brooklands, ní 22 Oṣù Kejìlá 1916.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà gan-an lọ̀rọ̀ mi. Odindi ẹ̀ ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Kí ó lè yé ọmọ mi, mo tú táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mo di irin àárín mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fọwọ́ yí i kíkankíkan. Bí mo ṣe ní kí n yà á sọ́tùn-ún, ńṣe ló fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó dorí kọ ibi tí mi ò rán an. Táyà kẹ̀kẹ́ lásán! Nínú Camel, ẹ́ńjìnnì, ìbọn, epo àti awakọ̀ ló fún pọ̀ sínú nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 níwájú. Yà sọ́tùn-ún, imú fẹ́ wọlẹ̀. Yà sósì, imú fẹ́ gbéra. Ẹni tó bá mọwọ́ ẹ̀ a yí mọ́ ọ̀tá lẹ́yìn kó tó ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀yì ni: ọkọ̀ á máa yí bírí bírí já bọ̀ wálẹ̀. (Òróró lárà tí ẹ́ńjìnnì ń tu sí wọn lójú tún ń ṣí wọn nínú, àmọ́ ìyẹn kéré.)

Awakọ̀ bíi 413 ló kú nínú ìjà. Àwọn tí ọ̀tá ò pa, tó jẹ́ jàǹbá ni, tó 385. Ìjókòó kan ṣoṣo ló ní; nígbà tó yá ni wọ́n ṣe Camel oníjókòó méjì fún ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ fa ikú wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1914, ọ̀yì gbé ẹ̀yin náà já sórí igi nítòsí Brooklands. Ẹ padà gòkè, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kó sínú ẹ̀, ẹ sì bọ́. Ẹ ti mọ oògùn ẹ̀ kí Camel tó dáyé. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ń lọ gòkè láwọn nìkan, ta ló sọ ọ́ fún wọn?