Ìnáwó yàtọ̀ sí ìnákúnàá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí nítòsí Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan pe àwọn òbí tó ń se ìrẹsì ní fíríìdọ̀mù ọmọ wọn ní onínàákúnàá, ó tún fi àpà kún un bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó dùn mí.

Ẹ gbọ́ "kú" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà. Òun ló wà nínú ìsọkúsọ àti jẹkújẹ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kò tíì sọ ìsọkúsọ. Ẹni tó jẹ àwo iyán mẹ́ta kò tíì jẹ jẹkújẹ. Ọmọ inú Lúùkù 15 tí à ń pè ní onínàákúnàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tó ná ogún rẹ̀ sí la fi ń bá a wí.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan ra aṣọ òkè ₦200,000 fún ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀. Ọdún méjì ló fi dá àjọ rẹ̀. Ìnáwó nìyẹn, a jẹ, a mu, a ṣàdúrà. Lọ́sẹ̀ kan náà, obìnrin kan gbé aṣọ ẹbí ₦15,000 wá. Mo wọn èjìká, mo wọn àyà. Ibi tí mo ti ń wọn ìdí ló ti sọ pé owó ilé-ìwé ọmọ òun lòun fi rà á, wọ́n sì ti lé ọmọ náà wálé láàárọ̀. Téèpù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìnákúnàá nìyẹn, ẹ wo bó ti kéré tó.

Ti àpà tún yàtọ̀. Aláró ni ìyá mi, bí ọ̀pọ̀ ìyá nílùú aró yìí. Wọ́n máa ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò tó nihò nídìí, á máa kán tó-tó-tó sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo bu igbá kan nínú rẹ̀, mo fi ṣan ẹsẹ̀. Màmá ò nà mí. Wọ́n kàn wo ilẹ̀ tó tutù, wọ́n ní, "Àpà ọmọ!" Kọ́bọ̀ ò sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó kọ̀wé yẹn. Ọmọṣẹ́ mi méjì máa ṣe fíríìdọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ìyá wọn sì máa ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni,
Aránṣọ kan l'Óṣogbo