Ta Ló Ń Ra Orí Igún?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Alápọ̀nmọ́ ni mí nílùú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ igún ni mo sì fẹ́ bá ìlú sọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣì ń tẹ̀lé ìyá mi lọ ra awọ, orí páànù ibi ìpẹran máa ń dúdú fún igún láti àárọ̀. Alápatà ò ní tíì tú ìfun tán tí wọn yóò ti balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì, egungun, awọ tó ti bàjẹ́, kò sí èyí tí wọn kì í jẹ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ ti mọ́, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wọn. Ajá àti eku ló gba ibẹ̀ báyìí. Igi ni mò ń mú dání bí mo bá ń lọ gba ọjà ní ìdájí, torí àwọn ajá ọ̀hún ò bẹ̀rù ènìyàn mọ́.

Àwọn kan ní òpó fóònù ló lé igún lọ. Èmi ò gbà. Ẹ lọ wo àtẹ àwọn lékùléja, ẹ ó bá orí igún níbẹ̀, gbígbẹ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ìyẹ́. Awúre ni wọ́n ń fi ṣe, àwọn mìíràn ń fi wá owó òjijì. Àwọn àgbà sì ní bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Ẹ̀yin baba oníṣègùn, bí ẹ bá pa á tán, ta ni yóò wá jẹ ẹbọ yín?

Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi gíga ló sì ń kọ́ ìtẹ́ sí. A gé igi, a tún pa ìyá. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, ti ka irú igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Láàárín ọdún 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau. Wọ́n ti gé orí àwọn kan lọ.

Ojú àwọn ará Íńdíà ti rí i. Àwọn ò tilẹ̀ bá igún jà. Diclofenac ni wọ́n ń fún màlúù, oògùn ìrora tí àwa náà ń lò bí ẹ̀yìn bá ń ro wá. Igún tó bá jẹ òkú irú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀, ó di òkú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ tó rídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi máa fòfin dè é fún ẹran lọ́dún 2006, irú igún mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ti dín kù ju 95 nínú 100 lọ. Òkú màlúù wá di ti ajá, ajá ń bí sí i, dìgbòlugi ń gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2024 pé láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni àìsí igún ṣekú pa.

Lọ́dún 2023, nígbà tí anthrax, àrùn tó ń ti ara ẹran ran ènìyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, tó sì dé Ìpínlẹ̀ Niger lẹ́yìn náà, ìjọba kìlọ̀ pé ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́. Ọjà mi kú. N ò bínú, àrùn ò ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ikùn igún nìkan ni mo mọ̀ tó ń gba òkú ẹran tí kì í ṣàìsàn. Omi inú rẹ̀ le débi pé ó ń pa púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó nílẹ̀ wa, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò igún. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyálọ́jà. Bí ìyálọ́jà bá ní òun ò fẹ́ rí orí igún lórí àtẹ kankan, lékùléja wo ló máa jiyàn? Kí ẹ̀yin alápatà náà yéé da òtápíápíá sórí ìfun láti fi pa ajá. Igún tó kù ló ń jẹ ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Rìsì Alápọ̀nmọ́,
Ìbàdàn.