Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, ẹ bi àwọn obìnrin bóyá wọ́n lóyún kẹ́ ẹ tó po oògùn ara ríro fún wọn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ antenatal kan táwọn aláboyún ò ní sọ pé "Mà, ẹ̀yìn ń ro mí." Wọn ò purọ́, bí ikùn ṣe ń tóbi ló ń fa ìbàdí síwájú, ara fúnra ẹ̀ náà sì ń dẹ àwọn iṣan tó so egungun ìbàdí pọ̀ kí ọmọ lè rọ́nà jáde, ẹ̀yìn ló wá ń jìyà ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa kẹ́mísì ni wọ́n á yà, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn po oògùn ara ríro, ẹni tó ń tà á ò ní bèèrè nǹkan kan, ibuprofen tàbí diclofenac ló máa dì sínú ọ̀rá fún wọn. Tí oyún bá ti tó ọ̀sẹ̀ 20, oògùn yẹn lè ṣàkóbá fún kíndìnrín ọmọ kí omi tó yí i ká sì dín kù, tó bá wá wọ oṣù keje ó lè kan ọkàn ọmọ. Alábùkún tí ìyá ọkọ máa ń yọ lábẹ́ ìrọ̀rí náà ńkọ́? Aspirin, tó jẹ́ ẹbí àwọn oògùn yẹn, ló wà nínú ẹ̀! (Aspirin kékeré tí dókítà ń kọ fáwọn kan torí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn yàtọ̀ o.) Paracetamol ló sàn jù, ìyẹn náà níwọ̀nba.

Kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ sùn, kí wọ́n ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kí wọ́n fi táwẹ́lì olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó ẹ̀yìn. Ẹni tó ń jókòó lórí àpótí lọ́jà látàárọ̀, kó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ yé pọn àkọ́bí tó ti lè rìn, ẹ̀yin ọkọ sì rèé, ẹ gbé korobá omi yẹn jàre! Eré ìdárayá tá a máa ń ṣe ní antenatal náà wúlò gan-an, àwọn kan á kàn jókòó máa wò wá bíi pé fíìmù là ń ṣe.

Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn bá ń ro, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń padà wá, tí oyún ò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tí ibà bá wà níbẹ̀ tí ìtọ̀ sì ń ta wọ́n, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni o.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára káńtà yín: "Ṣé ẹ lóyún?"

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.