Lẹ́tà sí Dàpọ̀: fọ́tò ọdún yìí àti ohun tí mo ń kà

Ìjẹ̀bú-Òde,
Oṣù Kejìlá, 2025.

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú otútù Jámánì o. Màmá wa wà ní àlàáfíà, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé gàrí rẹ ti wà nílẹ̀.

Àwọn fọ́tò ọdún yìí tí o béèrè ń bọ̀. Ìwé kíkà ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Fídíò kúkúrú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù yìí, àmọ́ lọ́dún yìí, ìwé ìlànà iṣẹ́ náà gan-an ni mo ń kà lálẹ́ tí iná bá wà. Ó le, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Wo ti Ojúde Ọba. Nígbà tí mo fún àwọn fọ́tò náà pọ̀ kí wọ́n má baà jẹ dátà rẹ, àwọ̀ etí gèlè pupa àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. JPEG, ìlànà tí à ń lò láti fún fọ́tò pọ̀, tó ti wà láti 1992, mọ̀ pé ojú ènìyàn máa ń rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ. Torí náà, ó máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ fínnífínní, píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) mẹ́rin sì lè máa pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Èyí kò pa àwọn fọ́tò Erédò Súngbọ́ lára. Ewé, iyẹ̀pẹ̀ àti òjìji ló kún inú yàrà tí gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 160 lọ yẹn. Àmọ́ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé kò gbà á. Mo ní kí kọ̀ǹpútà má fọwọ́ kan àwọ̀ àwọn ti Ojúde Ọba. Wọ́n wúwo sí i, kò burú. Aṣọ tí èèyàn ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò ní jẹ́ kó ṣàn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni alt, ọ̀rọ̀ tí à ń kọ mọ́ àwòrán fún ẹni tí kò ríran, tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò gbé fọ́tò wá. Ìlànà HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, ní kí a kọ ọ́ débi pé, tí a bá fi ọ̀rọ̀ náà rọ́pò gbogbo àwòrán, ìtumọ̀ ojú ewé náà kò ní yí padà. Mo wá jókòó ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan. "Ẹṣin ní Ojúde Ọba" kò tó. Mo kọ pé: "Ẹlẹ́ṣin kan gbé ọwọ́ sókè, ẹṣin rẹ̀ nà ró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àwọn ọmọdé ń sá sẹ́yìn."

Oṣù Kẹfà ni mo ya ìyẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà. Ojúde Ọba tó kẹ́yìn ayé wọn ni mo yà yẹn, n kò sì mọ̀. Ṣé kí n fi í sínú alt? Ojú kò rí i nínú fọ́tò. Abẹ́ fọ́tò ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran jọ kà á.

Tí líǹkì bá dé, kọ́kọ́ pa àwòrán nínú bíráósà rẹ, kí o ka ọ̀rọ̀ wọn nìkan. Èyí tí o kò bá rí lọ́kàn rẹ, sọ fún mi, màá tún un kọ. Bá mi kí ìyàwó wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀