Lẹ́tà sí Àkàndé: níbo ni kí ojú wà tí a bá fẹ́ ti bọ́ọ̀lù sínú ihò?

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé Dallas ń gbè yín? Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò rùn.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù, pé o ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lọ jìnnà dáadáa, àmọ́ tó bá ti ku ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ihò, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. O wá lọ ra pọ́tà tuntun, irin tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Kí ló kan pọ́tà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo dá fídíò tí o fi ránṣẹ́ dúró níbi tí irin ti kan bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́: ojú rẹ ti wà lọ́dọ̀ ihò, orí ti gbéra, èjìká sì ti bá a lọ.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ihò gọ́ọ̀fù fẹ̀ ní ínṣì 4.25, láti àárín rẹ̀ dé etí kò ju ínṣì 2 àti díẹ̀ lọ. Bí o bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ojú pọ́tà yà ní díígírì 1 péré, bọ́ọ̀lù á ti fi ínṣì 2 yà kó tó débẹ̀. Díígírì 1, Àkàndé! Èjìká tó bá sún díẹ̀ lè fa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onímọ̀ kan wà ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, Joan Vickers, tó fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìrìn ojú wo àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992. Ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í sáré kiri. Wọ́n á wo ihò, wọ́n á padà sórí bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá gbé ojú lé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí irin máa kàn, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bọ́ọ̀lù á ti lọ, ojú wọn á ṣì wà lórí koríko tó fi sílẹ̀. Tìrẹ ń fò láti orí irin sí ihò, sí bọ́ọ̀lù, sí ihò. Ìgbà wo lẹni tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀? Etí ni kí o fi gbọ́ ọ tó bá já sínú ihò.

Mo mọ̀ pé wàá ní Jordan Spieth tó ń gbá gọ́ọ̀fù ńkọ́, torí ọmọ ìlú yín ni. Òótọ́ ni, nígbà tó gba ìdíje Masters ní Augusta ní 2015, lọ́mọ ọdún 21, ihò ló ń wò tó bá ń gbá àwọn tó kúrú. Àmọ́ lójú tèmi, kò ta ko ti Calgary: ojú tiẹ̀ náà dúró síbì kan. Bí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n, dán tiẹ̀ wò ní ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn, torí ojú tó ti wà lórí ihò kò tún ní ohun tó fẹ́ yọjú wò. Má fi gbá èyí tó jìn o, irin á lọ gbá ilẹ̀.

Kó o tó ṣe ìkankan, dúró bí ẹni fẹ́ gbá, gbé bọ́ọ̀lù kejì sí orí imú, láàárín ojú méjèèjì, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá bọ́ lé èyí tó wà nílẹ̀, tàbí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ rẹ, ó dáa. Tó bá bọ́ sí òdìkejì, o ti bẹ̀rẹ̀ jù, ìlà tí o rò pé o rí kọ́ ló wà nílẹ̀.

Rántí pé lórí bráùn, iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́, tí a máa ń wọ́ kó tẹ́jú kí ọ̀gá tó gbá a, la ti kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tí à ń ṣe kádì, tí à ń gbé àpò irin fún àwọn ọ̀gá. Àmọ́ koríko Bermuda ọ̀dọ̀ yín ní ibi tó dà sí, bọ́ọ̀lù sì máa ń tẹ̀ lé e. Dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kí o wo ibi tí koríko dà sí, mú àmì kan ní bí ẹsẹ̀ bàtà 1 síwájú, ewé gbígbẹ pàápàá tó, kí o kọ ojú pọ́tà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, gbàgbé àmì, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni kí ojú padà sí.

Fi fídíò mìíràn ránṣẹ́, àmọ́ iwájú ni kí wọ́n ti yà á. Ojú rẹ ni mo fẹ́ wò, kì í ṣe ìdí rẹ. Ìbọ̀wọ́ tí o ní o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi ò tíì dé ọwọ́ mi o.

Èmi ni,
Àyìndé