Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa nípa owó ẹja tó ń sùn nínú firísà

Ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́ja díndín, ẹ̀yin oníbùkà, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ná ọjà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ọjà o, ẹ kú àdúrótì.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹni tó bá gbé páálí ẹja kan sùn sínú firísà wa yóò máa san ₦300 lóru kan. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn. Mo ti ń gbọ́ ọ: "Ṣebí sólà ló ń lò báyìí? Àbí oòrùn Ọlọ́run náà ti di títà?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbèsè tó wà lọ́rùn mi lọ.

Kì í ṣe ìwàásù àyípadà ojú ọjọ́ ló gbé mi dé ìdí sólà. Epo bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ló lé mi débẹ̀. Ní oṣù kìíní 2012 tí wọ́n gbé lítà láti ₦65 sí ₦141, gbogbo wa la ti ṣọ́ọ̀bù pa títí wọ́n fi dá a padà sí ₦97. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Jẹnẹrétọ̀ ò sì mọ ẹ̀bẹ̀.

Lóòótọ́, oòrùn ò gbowó. Bátìrì tó ń gbé e di òru ni kò ṣeé sún mọ́. Òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá sì ti fò ló ń bá a fò. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, iná tán lóru. Nígbà tí mo ṣí firísà láàárọ̀, ẹja Títù tí ìyá kan gbé sílẹ̀ ti rọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, omi ẹ̀jẹ̀ ń kán lára páálí. Èmi ni mo san án, n ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ààrẹ Buhari lọ ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021 pé tó bá fi máa di 2060, èéfín Nàìjíríà ò ní pa ayé lára mọ́. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi ra bátìrì kan ṣoṣo nínú ìlérí náà.

A ti fi bátìrì méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹja tí ẹ bá rà lọ́wọ́ wa, òru àkọ́kọ́ ò gbowó. Ẹni tí ₦300 bá ni lára, kó jọ̀ọ́ wá bá mi sọ ọ́ lójúkojú, kó má sọ ọ́ lẹ́yìn mi.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ẹlẹ́ja, Sábó