Ta ló ní ọpọlọ ń parí ní ọmọ ọdún 25?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà o. Ohun tí ẹ kọ lórí ọpọlọ èèyàn, níbi tí ẹ ti ní tó bá ti di ọmọ ọdún 25 ó ti parí dídàgbà, ó ti di àríyànjiyàn ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọmọ tó kùnà báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé gíga, ní ẹ má bá òun wí, ọpọlọ òun ò tíì gbó. Bàbá tí wọ́n ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù gbowó ní tòun ti gbó kọjá, ẹ fi òun sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ohun tí wọ́n máa wí sí wọn lẹ́nu. Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ ráádíò (X-ray) ní ilé ìwòsàn ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìntì, mo ti ya egungun, mo ti ya àyà, nígbà tí sikánà dé mo bá wọn ṣe é, torí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2022. Àwòrán IRM (MRI, ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń ya inú ara) tó lé ní 120,000 ni wọ́n kó jọ, orí àwọn èèyàn tó lé ní 100,000, látorí ọmọ tó ṣì wà nínú oyún títí dé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Èèpo òde ọpọlọ, èyí tó ní àwọ̀ eérú yẹn, nígbà tọ́mọ bá tó bí ọdún 6 ló ti pọ̀ dé góńgó, látìgbà yẹn ló ti ń dín díẹ̀díẹ̀. Eérú tó wà nísàlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó di bí ọdún 14. Àwọn okùn funfun tó so ibì kan mọ́ ibì kejì, wọ́n ń pọ̀ sí i ni títí di bí ọdún 29. Níbo wá ni 25 wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀ sí dín ló túmọ̀ sí pé ó parí, a jẹ́ pé àwọn ọmọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti parí nìyẹn.

Mo fura sí ibi tí nọ́ńbà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, oníwàdìí ọpọlọ kan, Jay Giedd, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ya orí ọmọ 145, wọ́n ń pe òmíràn padà wá yà lẹ́ẹ̀kan sí i, àbíkẹ́yìn wọn ò ju bí ọmọ ọdún 4 lọ, ẹ̀gbọ́n pátápátá tó bí 21. Wọ́n rí i pé apá iwájú orí ṣì ń yí padà títí wọ́n fi kan òpin. Òpin ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n yà ni o, kì í ṣe òpin ọpọlọ. Nígbà tó tún di 2025, àwọn oníwàdìí yunifásítì Cambridge wo nǹkan bí 4,000 èèyàn, wọ́n ní bí okùn inú ọpọlọ ṣe so pọ̀ máa ń yíwọ́ ní bí ọdún 9, ní 32, ní 66 àti ní 83, kíá làwọn oníròyìn gbé e pé ọ̀dọ́langba lèèyàn títí di ọdún 32. Ẹ lọ pe ẹni ọdún 32 ní Kétu tó ti láya, tó ti bímọ mẹ́ta, ní ọ̀dọ́langba, kí ẹ gbọ́ èsì.

Ohun tí ẹ ò kọ rárá, tó sì jẹ́ pé òun ló ká èmi tí mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ lára, ni bí wọ́n ṣe ń rí àwòrán yìí. IRM ò dà bíi ráádíò, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló ń lò, kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀, irọ́ ni ẹni tó ní ó ń jó ọpọlọ ń pa. Ariwo ẹ̀ ló pọ̀ jù, ihò ẹ̀ sì há, èèyàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbọnrangandan kí orí má mì. Ọmọ ọwọ́, wọ́n á fún un ní ọyàn títí táá fi sùn, ojú oorun ni wọ́n ti ń yà á. Tí orí bá mì, bó ti wù kó kéré mọ, èèpo ọpọlọ á fẹ́lẹ́ lójú àwòrán ju bó ṣe rí gan-an lọ. Àwọn wo ló sì ń mì jù? Ọmọdé àti arúgbó, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà tí wọ́n ń fà láti fi hàn bí ọpọlọ ṣe ń yí padà pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ẹ̀rọ lè ní ọpọlọ bàbá ti joro, kó sì jẹ́ pé ikọ́ ló ń bá bàbá jà.

Ọ̀kan tún ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí kì í tẹ̀ lé ẹnì kan láti kékeré dàgbà, wọ́n á ya ọmọdé lónìí, wọ́n á ya àgbà lónìí kan náà, wọ́n á fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ẹni tó wọ oko àgbàdo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó rí gíga rí kúkúrú, kò lè búra pé ọjọ́ tí wọ́n gbìn wọ́n nìkan ló yàtọ̀, òjò ńkọ́? Ìyá àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n bí láyé àwọn Faransé, tí kò fojú kan ilé ẹ̀kọ́, tí ibà ti dá wó láìmọye ìgbà, ẹ gbé ọpọlọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, kí ẹ wá ní ọjọ́ orí ló fa gbogbo ìyàtọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn oníwàdìí Woollett àti Maguire ní London, èyí tó jáde ní 2011. Wọ́n ya àwọn tó fẹ́ di onítakisí kí wọ́n tó kọ́ gbogbo ọ̀nà ìlú sórí, wọ́n tún yà wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn 39 tó yege, apá ẹ̀yìn hippocampus wọn, ibi tí ọpọlọ fi ń rántí ọ̀nà, ti tóbi sí i, ti àwọn tí kò yege wà bó ṣe wà. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn o, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá 25 yín. (Inú mi ì bá dùn kí wọ́n wá ya ti àwọn zémì (ọlọ́kadà) wa náà, àwọn tí kò sí orúkọ òpópónà tí wọ́n ń wò.)

Orí ta tiẹ̀ ni wọ́n yà? Àwọn tó ṣe iṣẹ́ 2022 fúnra wọn sọ ọ́ pé Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà lèyí tó pọ̀ jù ti wá. Kì í sì í ṣe pé a ò ṣeé wá. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ojúlé sí ojúlé ní Ìbàdàn, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2001: àgbà Yorùbá 2,459 láti ọmọ ọdún 65 sókè, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147 ní Indianapolis, àrùn Alzheimer, èyí tó ń mú àgbà gbàgbé nǹkan, ń mú 1.15% lọ́dún nínú tiwa, 2.52% nínú tiwọn. Ẹ̀yà kan náà ni wá pẹ̀lú àwọn Ìbàdàn yẹn, ààlà ló pín wa.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ìwé ìbí àwọn àgbà wa, "né vers" (a bí i ní nǹkan bí) ló wà níbẹ̀, né vers 1940, né vers 1945, akọ̀wé ló fojú dá a. Táwọn oníwàdìí bá gbé IRM wá bá wa lọ́la, ọjọ́ orí wo ni wọ́n máa kọ sábẹ́ àwòrán? Ọdún márùn-ún tí wọ́n bá ṣì kà lè sọ ọpọlọ tó dá ṣáṣá di aláìsàn. Ní Ìbàdàn, ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi mú ọjọ́ orí àwọn àgbà, wọ́n ní àkójọ ẹ̀. A lè ṣe tiwa: ogun Hitler, òmìnira 1960, 1972 tí Kérékou gbàjọba, 1975 tí Dahomey di Benin, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ò tó fún àwọn ẹni ọgọ́rùn-ún, a nílò ti Alákétu, ọba Kétu, tó wà lórí oyè, ti ọdún tí eṣú jẹ oko, ti ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn òǹkàwé láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobẹ̀, Sákẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ máa fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ọdún tó bá ní ẹ̀rí. Mo ti kọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, màá fi ránṣẹ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ráádíò tó ti fẹ̀yìntì,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)